Bí Fáìlì Bá Sọnù, Ẹ Fọwọ́ Mú Fíláàṣì Náà

Nínú ilé àgbẹ̀ kòkó ní Atosin, ní agbègbè Ìdànrè, ìwé oko àti fọ́tò bàbá àgbà lè wà lórí fíláàṣì kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì pa wọ́n rẹ́, ẹ má ṣe kó nǹkan kan sí i mọ́. Kọ̀ǹpútà kì í nu fáìlì lójú ẹsẹ̀. Ṣe ni ó kàn ka àyè rẹ̀ sí òfìfo, ohun tuntun tí ó bá débẹ̀ ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. PhotoRec, tí a kì í sanwó fún, lè wá a rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà dá orúkọ fáìlì padà. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kó ohun tí ó bá rí sí, kì í ṣe orí fíláàṣì náà.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì, Microsoft Defender tí ó bá Windows 11 wá tó ọ̀pọ̀ ilé. Ayédèrú tí wọ́n ń pín kiri lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Olè ni ẹ fi ṣọlọ́dẹ yẹn.

LibreOffice, ọ̀fẹ́ náà ni, a máa sọ ìwé Word di PDF láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ilẹ̀ yín kò ní dé ọwọ́ àjèjì. Kí ẹ ṣáà yẹ àmì ìsàlẹ̀ wò: bí ó bá bọ́, ọkọ a di oko.