Ọgbẹ́ Tí Kì Í Ṣẹ̀jẹ̀: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìdí Iná àti Irin

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa ní Ọ̀tà, ní Ogijo, ní Ìkòròdú àti ní Ìkẹjà, ẹ̀yin tí ẹ ń dojú kọ iná tí ń yọ́ irin bí ẹni ń yọ́ òrí, iṣẹ́ tí aráyé jogún lọ́wọ́ Ògún, Òṣìn Imalẹ̀, bí iná bá jó òṣìṣẹ́ lápá, gbogbo ojú ni yóò rí i. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà tí kì í ṣẹ̀jẹ̀, èyí tí iṣẹ́ eléwu máa ń dá sí ọkàn àti ọpọlọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbé kiri láìwí, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti í tu itọ́ funfun jáde.

Ohun tí ń fà á

Ìbẹ̀rù ni èkínní: ẹni tí ẹ̀rọ gé ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀ lè máa rí ìran náà lójú àlá àti lójúran fún ọjọ́ pípẹ́. Àìsùn ni èkejì, nítorí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí ó wá ń wá oorun nínú ooru àti ariwo ọ̀sán, kì í rí i sùn tó, ibẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì sì ń gbà wọlé. Májèlé ni ẹ̀kẹta: òjé tí a ń yọ́ láti inú bátìrì ògbólógbòó a máa bá èémí wọnú ẹ̀jẹ̀, a sì máa fa orífífọ́, ìgbàgbé àti ìbínú òjijì, débi pé ẹni tí wọ́n ń pè ní oníjà nílé, ó lè jẹ́ òjé ni ó ń bá a jà.

Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n

Bí oorun bá dá lójú yín, bí oúnjẹ kò bá wù yín jẹ, bí àyà yín bá ń já nígbàkúùgbà tí irin bá dún, tàbí bí ó bá di pé paraga tàbí tramadol ni ó ń gbé yín dé ibi iṣẹ́, tí èyí sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ má ṣe pè é ní àárẹ̀ lásán. Ẹni tí èrò àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀ bá sọ sí lọ́kàn, kí ó wá sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má sì ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ òjé, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ wẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó lọ sílé, nítorí eruku òjé a máa pa ọmọdé lára ju àgbà lọ. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ kò yọ ọkàn sílẹ̀: ìdààmú ọkàn tí ìjàǹbá òjijì lẹ́nu iṣẹ́ bá fà, tí dókítà sì jẹ́rìí sí, wà lára ohun tí a lè gba owó lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ fi tó agbanisíṣẹ́ yín létí láàárín ọjọ́ 14.

Ẹ̀yin ará ilé

Ìbẹ̀rù pé a ó pe òun ní wèrè ni ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró nílé. Bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ Àró, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń padà sùn láàárín ènìyàn, kí ayé lè mọ̀ pé ilé àti aládùúgbò jẹ́ apá kan oògùn náà. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ yín bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ bi í léèrè bí ọjọ́ ti rí, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán.