Clotilda: Ọkọ̀ Jóná, Ìtàn Kò Jóná

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, òwe yìí ṣẹ mọ́ ọkọ̀ kan lára.

Ọkọ̀ òwò ni Clotilda. William Foster ló kàn án ní ìlú Mobile, ní Alabama, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1855. Ìgbòkun ló ń gbé e rìn. Òpó rẹ̀ jẹ́ méjì, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 86. Kíkó pákó àti ẹrù òwò mìíràn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun léèwọ̀. Láti 1820, ikú ni ìjìyà rẹ̀. Síbẹ̀, Timothy Meaher, ọlọ́rọ̀ kan ní Mobile, fọ́nnu pé òun yóò kó wọn wọlé, ọwọ́ kò sì ní í tẹ òun. Foster ni ó fi wúrà rán.

Ní oṣù Kárùn-ún 1860, Clotilda dé Ouidah, ní etíkun Dàhòmì, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àwọn tí ọmọ ogun Dàhòmì kó lógun ni Foster rà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ọ̀kan ni Oluale Kossola láti agbègbè Bantè, ọmọ nǹkan bí ọdún 19. Ìdájí ni ogun já wọ ìlú rẹ̀. Ènìyàn 110 ni wọ́n kó sínú ọkọ̀. Ọjọ́ 13 ni wọ́n lò nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti gun òkè.

Ní oṣù Keje, wọ́n wọ Mobile lóru. Wọ́n kó àwọn ènìyàn náà pamọ́ sínú àbàtà, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ kí ẹ̀rí má baà sí. Ìjọba pe Meaher lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà túká. Kò lọ sẹ́wọ̀n.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Kossola ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Ni àwọn ọkùnrin bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìlagi, àwọn obìnrin ń ta ọ̀gbìn, wọ́n tu owó jọ, wọ́n sì ra ilẹ̀. African Town ni wọ́n pe ibẹ̀. Wọ́n yan olórí, wọ́n yan onídàájọ́. Matilda McCrear, ọmọ ọdún méjì nínú ọkọ̀ náà, tí wọ́n tà sí ibòmíràn, ń ṣe irun bíi ti Yorùbá títí ó fi kú ní 1940. Òun ló gbẹ̀yìn wọn.

Àwọn kan ń sọ pé irọ́ ni ìtàn ọkọ̀ náà. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ kò yéé sọ ọ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kéde pé a ti rí Clotilda nínú ẹrẹ̀ odò Mobile. Ìwọ̀n rẹ̀, igi rẹ̀ àti àmì iná ara rẹ̀ ló jẹ́rìí.

Kí Kossola tó kú ní 1935, ó rọ òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston pé kí ó gbé orúkọ òun dé ilé, bóyá ẹnì kan yóò ní òun mọ̀ ọ́n. Àwa ni ará ilé tó ń wí. Ọdún 75 ní àjò kò gba orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Àwa tí a wá kàwé fún ọdún mẹ́rin péré, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a sọ tiwa nù. Kossola, a gbọ́ o. A sì mọ̀ ọ́.