Wáìnì Tó Pẹ́ Nínú Ìgò: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọ Wò, Bí A Ṣe Ń Dá A Lẹ́jọ́

Ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe fún mímu láàárín ọdún mélòó kan. Bí a bá tọ́jú irú wọn fún ogún ọdún, adùn wọn á ti lọ, kò sì ní sí nǹkan kan tó rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dàgbà dáadáa. Nítorí náà, ọjọ́ orí nìkan kò sọ wáìnì di iyebíye. Ohun tí ẹni tó ń tọ́ ọ wò ń wádìí ni ohun tí ọdún gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ọdún fi fún un, àti bóyá èrè ju àdánù lọ. Ojú, imú àti ẹnu ni a fi ń wá ìdáhùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wáìnì pupa

Ẹ jẹ́ ká fi wáìnì pupa Médoc, ní agbègbè Bordeaux nílẹ̀ Faransé, ṣe àpẹẹrẹ. Cabernet Sauvignon ni èso àjàrà tó sábà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èèpo rẹ̀ nípọn, tánìnì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Tánìnì ni ohun tó ń gbẹ ẹnu, tó ń mú ahọ́n le, bí ìgbà tí a bá jẹ obì. Nígbà tí wáìnì náà ṣì kéré, tánìnì yìí le gan-an, àwọ̀ ọtí náà sì jọ elésè àlùkò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tánìnì àti èròjà tó ń fún ọtí láwọ̀ á máa so mọ́ ara wọn. Èyí tó bá tóbi jù nínú wọn á rì, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìgò. Ìdí nìyí tí wáìnì àgbà fi ń ṣá, tó sì ń rọ̀ lẹ́nu. Atẹ́gùn tín-ín-tín tó ń gba ara kọ́ọ̀kì, ìdérí ìgò, wọlé náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: òórùn èso tútù ń dín kù, òórùn mìíràn ń yọjú.

Ibi tí adùn ti wá

Sauternes, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì dídùn, wà ní Bordeaux kan náà. Níbẹ̀, odò Ciron tí omi rẹ̀ tutù ń ṣàn wọnú Garonne tí omi tirẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù ú lọ. Láwọn òwúrọ̀ ìgbà ìwọ́wé, ìkùukùu á bo oko àjàrà. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á gbé e kúrò. Ọ̀rinrin àárọ̀ àti oòrùn ọ̀sán yìí gan-an ni olu tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Botrytis cinerea fẹ́. Á lu èèpo èso Sémillon àti Sauvignon Blanc, omi inú wọn á gbẹ, ṣúgà àti ásíìdì tó kù á sì ki. Gbogbo èso kì í bu lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ máa ń padà sínú oko léraléra, kí wọ́n lè ṣa kìkì èyí tó bu bó ṣe yẹ. Ní Château d'Yquem, ọ̀kan lára àwọn oko àjàrà ibẹ̀, ohun tí igi àjàrà kan ń mú wá lọ́dún kò ju nǹkan bí ife wáìnì kan lọ. Nígbà tí wọ́n pín wáìnì Bordeaux sí ìpele ní 1855, Yquem nìkan ni wọ́n gbé lé orí gbogbo wáìnì dídùn yòókù.

Ní àfonífojì Douro ní ilẹ̀ Pọ́túgà, tí wọ́n ti pa ààlà fún láti 1756, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Kí ìwúkàrà tó sọ gbogbo ṣúgà di ọtí, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n fi àjàrà ṣe sí i. Iṣẹ́ ìwúkàrà á dúró, ṣúgà á ṣẹ́ kù, ọtí náà á sì lágbára tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Ìyẹn ni Port. Vintage Port kì í ju nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta lọ nínú àgbá kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò, inú ìgò ni á sì ti dàgbà. Tawny, irú Port mìíràn, ní tirẹ̀ ń dàgbà nínú àgbá igi, níbi tí atẹ́gùn ti ń kàn án. Àwọ̀ tíì tó jẹ́ ẹwà lára Tawny ọlọ́dún 20 jẹ́ àmì àìsàn lára Vintage Port ọlọ́dún mẹ́wàá. Ẹ mọ irú èyí tó wà níwájú yín kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ìmúra

Inú ibi tútù tó ṣókùnkùn, ní nǹkan bí digrí 12 sí 13, ni wáìnì ti ń dàgbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọtí dé nínú ìgò. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju èjìká ìgò lọ, atẹ́gùn ti wọlé jù, ó sì ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́. Ẹ gbé ìgò wáìnì pupa àgbà tàbí Vintage Port dúró lóòró fún odidi ọjọ́ kan, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀, kí ọtí sì tòrò. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra dà á sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì tó mọ́, pẹ̀lú iná àbẹ́là tàbí tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ọrùn ìgò. Nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá dé ọrùn, ẹ dúró.

Fún mímu, wáìnì pupa fẹ́ digrí 16 sí 18, èyí tó kéré sí ooru inú ilé wa ní Nàìjíríà gan-an. Ẹ fi sínú fíríìjì díẹ̀ ṣáájú. Sauternes fẹ́ nǹkan bí digrí 10. Ife tí ẹnu rẹ̀ há ju ikùn rẹ̀ lọ ló ń kó òórùn jọ, kò sì yẹ kí ọtí kọjá ìdá mẹ́ta rẹ̀. Wáìnì pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò, torí pé ṣúgà tó bá ti wà lẹ́nu á sọ tánìnì di líle.

Ojú

Ẹ tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè bébà funfun, kí ẹ sì wo etí ọtí. Wáìnì pupa ń kúrò ní elésè àlùkò bọ́ sí pupa rẹ́súrẹ́sú, títí dé àwọ̀ bíríkì. Sauternes ń pọ́n sí i ní tirẹ̀: láti àwọ̀ lẹ́mọ́ọ̀nù dé wúrà, láti wúrà dé àwọ̀ oyin tó ṣókùnkùn. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ọtí tí kò dán mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ kú.

Ojú lè tan imú jẹ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2001, wọ́n fi àwọ̀ tí kò ní òórùn sọ wáìnì funfun di pupa, wọ́n sì gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ ìmọ̀ wáìnì ní Yunifásítì Bordeaux. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún wáìnì pupa ni wọ́n fi ṣàpèjúwe òórùn rẹ̀. Orúkọ àti ọdún ara ìgò náà lè tan ni jẹ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn adájọ́ fi sábà máa ń bò wọ́n.

Imú

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó yí ife, nítorí òórùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú wáìnì àgbà máa ń sá lọ kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i jẹ́jẹ́. Médoc tó dàgbà dáadáa máa ń rùn bí igi kédárì, tábà, awọ, olu àti ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òórùn èso díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ wọn. Sauternes àgbà ń mú oyin, jáàmù ọsàn àti ṣúgà jíjó wá; Tawny ń rùn bí èso gbígbẹ àti ẹ̀pà yíyan.

Bó bá ń rùn bí páálí tó rẹ sómi, èròjà tí wọ́n ń pè ní TCA ti gba ara kọ́ọ̀kì wọ̀ ọ́. Kò pani lára, ṣùgbọ́n ó ti pa òórùn ọtí náà, kò sí àtúnṣe. Bó bá ń rùn bí fínígà, ó ti kan.

Ẹnu

Ẹ mu díẹ̀, ẹ yí i ká ẹnu, ẹ fa atẹ́gùn díẹ̀ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì tu ú. Ẹni tó ń tọ́ ìgò mẹ́jọ wò tó ń gbé gbogbo rẹ̀ mì kò ní lè dá ẹ̀kẹjọ lẹ́jọ́. Fún wáìnì pupa, ẹ ṣàkíyèsí bóyá tánìnì ti rọ̀ nígbà tí adùn èso ṣì wà. Bó bá jẹ́ èso ló kọ́kọ́ kú, gbígbẹ àti kíkan nìkan ló máa kù, ìyẹn ni pé àsìkò rẹ̀ ti kọjá.

Fún wáìnì dídùn, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń wọn adùn. Ṣúgà pọ̀ nínú gbogbo Sauternes; ó sábà máa ń ju gíráàmù 100 lọ nínú lítà kan. Ásíìdì ló ń fìyàtọ̀ sí wọn. Bó bá tó, ẹnu á mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tu ú, ọwọ́ á sì tún fẹ́ gbé ife. Bí kò bá tó, adùn náà á lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, á sì súni. Bí wáìnì náà bá ti ń dàgbà, ṣúgà inú rẹ̀ kì í lọ, síbẹ̀ ahọ́n á máa rí i bíi pé adùn ti dín kù.

Ẹ wá ka ìṣẹ́jú àáyá tí ìtọ́wò náà fi wà lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ ti tu ú. Èyí tó bá ju mẹ́wàá lọ dáadáa, tó sì ń yí padà bó ṣe ń lọ, kì í ṣe wáìnì yẹpẹrẹ.

Ìdájọ́

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò: bí àwọn apá rẹ̀ ṣe bá ara wọn mu, bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu, bí òórùn rẹ̀ ṣe lágbára tó, àti bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ padà sí ife náà lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí wáìnì kan lè ṣí sí i nígbà tí òmíràn á ti wó. Ẹ wá yan ọ̀kan: ó ṣì ń dàgbà, ó wà ní góńgó, tàbí ó ti kọjá àsìkò. Kí ẹ rántí pé ìgò méjì láti inú páálí kan náà lè yàtọ̀ síra, torí náà ìgò tó wà níwájú yín ni ẹ ń dá lẹ́jọ́. Ẹ kọ ìdájọ́ yín àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ iye owó rẹ̀ tàbí èrò ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo á ní ìwé tó lè padà sí, á rí ibi tí ahọ́n òun ti ṣìnà, á sì mọ irú èyí tó yẹ kí òun fi pa mọ́ àti èyí tó yẹ kí òun ṣí lónìí.