Ìròyìn Owó Ilé-Iṣẹ́ Ohun Èlò Ìtọ́jú: Kí Ni Ó Kan Olùtọ́jú?

Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú rò pé ọ̀rọ̀ èrè àti gbèsè jẹ́ ti oníṣòwò nìkan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àga onítáyà, ibùsùn aláìsàn àti ẹ̀rọ ọ́síjìn máa ń wà lọ́wọ́ wa fún ọdún púpọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n bá kógbá wọlé, ta ni yóò pèsè páàtì wọn?

Kí ni ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń kéde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta iye tí ó wọlé, iye tí wọ́n ná, èrè tàbí àdánù wọn, àti gbèsè tí ó wà lọ́rùn wọn.

Ṣé owó púpọ̀ ni èrè púpọ̀?

Rárá. Ẹ wo Savaria ti Kánádà, tí ń ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gun àtẹ̀gùn àti ohun èlò ìtọ́jú aláìsàn. Owó tí ó wọlé fún un ní 2020 tó nǹkan bí mílíọ̀nù 354 dọ́là Kánádà. Ní 2021, ó di nǹkan bí mílíọ̀nù 661. Ohun pàtàkì tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni pé ó ra Handicare ti Swídìn ní oṣù kẹta 2021, ó sì yá lára owó tí ó fi rà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo owó tí ó wọlé gbọ́dọ̀ wo gbèsè pẹ̀lú.

Àmì ewu wo ni kí a ṣọ́?

Àdánù tí ó ń tẹ̀lé ara wọn ni. Invacare ti Amẹ́ríkà, tí ń ṣe àga onítáyà àti ibùsùn, ti ń kéde àdánù fún ọdún mélòó kan. Ní oṣù kìíní 2023, ó kéde pé òun kò ní ṣe ẹ̀rọ ọ́síjìn mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ó wá ààbò ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè. Oṣù karùn-ún ni ó tó jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní èyí tí ẹ̀rọ ń pèsè kò gbọdọ̀ dín sí 82. Bí asẹ́ inú rẹ̀ bá gbó tí kò sí páàtì, ẹ̀rọ náà lè máa dún bí ẹni pé kò sí nǹkan, nígbà tí èémí aláìsàn ń dín kù.

Kí ni kí ẹ ṣe?

1. Kí ẹ tó rà á tàbí kí ẹ tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń ṣe irú ẹ̀rọ náà.
2. Ẹ wádìí ibi tí a ti lè rí páàtì nítòsí, àti ẹni tí ó lè tún un ṣe.
3. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé.
4. Ẹ máa wọn ọ́síjìn tí ó ń jáde. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìró ẹ̀rọ.
5. Ẹ ní sílíńdà ọ́síjìn nípamọ́.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí ẹ̀rọ ti wá kí a tó fi ẹ̀mí aláìsàn lé e lọ́wọ́.