Ṣé o mọ̀? Aláìgbàgbọ́ tó gbèjà ogún Kìrìsìtẹ́nì

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó kọ The Fragile Absolute lọ́dún 2000 láti gbèjà ogún Kìrìsìtẹ́nì kò gba Ọlọ́run gbọ́? Slavoj Žižek ni, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Slovenia, ọmọlẹ́yìn Marx àti ti Lacan, ìyẹn ará Faransé kan tó ń tú ọkàn ènìyàn wò. Ó fi Coca-Cola ṣàpẹẹrẹ ọrọ̀ ajé òde òní: bí o bá ṣe ń mu ún tó, bẹ́ẹ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ ọ́ sí i. Ìfẹ́ tí Pọ́ọ̀lù mímọ́ wàásù ni Žižek gbé dojú kọ òùngbẹ náà, ìfẹ́ tó ń tú ènìyàn sílẹ̀ nínú ìdè ìran àti ipò tí wọ́n bí i sí.