Ìdí Tí Bọ́ọ̀lù Tsubasa Kì í Fi Tètè Balẹ̀

Bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù sókè lórí ilẹ̀ pupa ìlú Pobè, kí o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Captain Tsubasa, eré aláwòrán ti Japan tí àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé mọ̀ sí Olive et Tom, ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù lónìí kó má wọ àwọ̀n títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọdé a máa béèrè ìdí rẹ̀, ìbéèrè gidi sì ni.

Ọwọ́ àwọn ayàwòrán la ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán inú fíìmù kì í rìn. Ojú wa ló ń so wọ́n pọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan ń gba férémù 24. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, eré ìṣẹ́jú 20 péré á gba àwòrán 28,800. Eré tó sì ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni! Nítorí náà, wọ́n á fi àwòrán kan gba ipò férémù méjì tàbí mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, wọ́n á ya ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jẹ́ kó dúró gbọn-in, wọ́n á wá máa mú ìlà gígùn sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìlà yẹn ló ń sáré. Ọmọ náà dúró sójú kan.

Àsìkò tí bọ́ọ̀lù fi wà lókè yìí ni òǹkọ̀wé ń fi ọkàn àwọn ọmọ hàn wá, ibẹ̀ sì ni adùn eré náà wà. Yoichi Takahashi ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà nínú ìwé ìròyìn ní 1981; ó dé orí tẹlifíṣọ̀n ní 1983. Kojiro Hyuga, tí wọ́n ń pè ní Mark Landers ní Faransé, le bí òkúta lórí pápá. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì ń ṣiṣẹ́ kiri láti ran ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ta ló gbọ́ èyí tí yóò tún kórìíra rẹ̀? Genzo Wakabayashi, aṣọ́lé, ń ṣògo pé kò sẹ́ni tó lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé òun láti òkèèrè. Tsubasa, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, kọ ìpèníjà sára bọ́ọ̀lù, ó dúró lórí òkè, ó gbá a lọ sí ilé Genzo. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọn pàdé, ọ̀mì ni, 2–2. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn méjèèjì fi wọ ẹ̀wù kan náà fún ìlú wọn. Nínú fíìmù àkọ́kọ́ tó jáde ní 1985, Japan ń kojú Yúróòpù, Hyuga àti Tsubasa, tí wọ́n ti máa ń bá ara wọn díje, sì wà lápá kan náà.

Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ti inú ìdíje jáde nìyẹn. Ká ní ọmọ ìlú Sakété kan jẹ́ aṣọ́lé, tí ọmọ Pobè kan sì ń gbá bọ́ọ̀lù sí i lọ́dọọdún. Ta ló mọ̀ pé ọwọ́ òsì aṣọ́lé yẹn kì í tètè dìde? Ta ló mọ ẹsẹ̀ tí ọmọ Pobè máa ń lò bí àyà bá ń já a? Àwọn méjèèjì ti kọ́ ara wọn ní àkọ́yé, bóyá ju bí àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Bí wọ́n bá pè wọ́n sínú ikọ̀ kan lọ́la, iṣẹ́ ti parí ní ìdajì.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù láàárín ìlú méjèèjì, mo bẹ̀ yín: bí fèrè ìkẹyìn bá ti dún, ẹ má tètè kó wọn sínú ọkọ̀. Ẹ da wọn pọ̀, kí ọmọ Pobè àti ti Sakété wà lápá kan náà, kí wọ́n tún gbá a fún ìṣẹ́jú 20 sí i.