Kí Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́ Má Baà Dàrú Lórí Kọ̀ǹpútà

Àwọn akọ̀wé ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù lọ, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́.

Kíbọ́ọ̀dù tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà wa kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Nítorí náà, Òkè di Oke, Ọ̀kẹ́ náà sì di Oke. Bí Òkè bá dá owó, tí a sì kọ ọ́ sí abẹ́ Ọ̀kẹ́, ta ni yóò gba èlé rẹ̀? Bí Ọ̀kẹ́ bá yáwó tí kò san án, onídùúró ta ni a ó lọ bá? Òótọ́ ni pé nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wà, ṣùgbọ́n orúkọ ni ènìyàn máa ń pè nígbà tí ó bá wá gba owó. Àwọn àgbà ṣáà mọ̀ pé 20,000 owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ṣeré nínú ìwé owó.

Ètò kan wà tí a ń pè ní AutoHotkey. Ọ̀fẹ́ ni, orí Windows ni ó sì ń ṣiṣẹ́, láti ọdún 2003. Akọ̀wé yóò kọ fáìlì kékeré kan fún un, báyìí:

::oke1::Òkè
::oke2::Ọ̀kẹ́

Bí ó bá tẹ oke2, tí ó sì fi àlàfo sí i, Ọ̀kẹ́ ni yóò jáde.

Ibi tí wàhálà wà ni iná mọ̀nàmọ́ná. Bí iná bá lọ tí ó sì dé, kọ̀ǹpútà yóò tàn, ṣùgbọ́n ètò yìí kò ní jí fúnra rẹ̀ bí a kò bá pàṣẹ fún un. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, kí ẹ kọ shell:startup. Nínú fódà tí ó bá ṣí, ẹ ṣe Shortcut kan, kí ẹ kọ èyí sí ojú Target rẹ̀:

"C:\Program Files\AutoHotkey\v2\AutoHotkey64.exe" /restart "C:\Iwe Egbe\oruko.ahk"

Ètò ni ó ṣáájú, àṣẹ tẹ̀lé e, fáìlì wa ni ó kẹ́yìn. Ẹ má ṣe yí wọn padà: àṣẹ tí ẹ bá kọ sí ẹ̀yìn fáìlì kò ní ṣiṣẹ́ bí àṣẹ mọ́, ètò yóò kàn fi í ránṣẹ́ sínú fáìlì náà ni. Àmì àyọlò náà ṣe pàtàkì, nítorí àlàfo tí ó wà láàárín Iwe àti Egbe.

Àṣẹ /restart ń sọ pé bí fáìlì yìí bá ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ó pa ti àtijọ́ kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn /force nítorí pé kì í béèrè ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí méjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n sì máa da ara wọn láàmú. N kò gbà wá nímọ̀ràn rẹ̀. Bí ẹ bá tún fáìlì ṣe, ẹ kọ́kọ́ fi /validate sí ipò /restart: yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sọ àṣìṣe tí ó bá rí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tí ó bá ṣì ń lo irú ti àtijọ́, 1.1, lè rí i pé áº¹ ni ó ń jáde dípò ẹ. Kí ó fi /CP65001 kún àṣẹ rẹ̀, kí ètò lè ka fáìlì náà bí UTF-8. Irú kejì, tí ó jáde ní 2022, ń ka UTF-8 láìsí àṣẹ.

Ètò yìí ń rí gbogbo ohun tí a bá tẹ̀. Ẹ má ṣe gba fáìlì .ahk lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé báńkì sínú rẹ̀. Fáìlì kan náà ni kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ kan máa lò, nítorí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà to ẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Bí ọ̀nà bá yàtọ̀, a lè wá orúkọ tí ó wà nínú ìwé kí a má rí i.